Dúrọ́ọ̀ Tí Kò Sí Nínú Ẹ̀rọ Àbẹ̀kẹ́

Ìjẹmọ̀, Abẹ́òkúta
Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù kejì, 2025

Àbẹ̀kẹ́ ọmọ mi,

Ẹ kú òtútù o, ìwọ àti àwọn òyìnbó rẹ. Àlàáfíà ni mo wà. Eékún mi nìkan ló ń ṣe bí onílé sí mi. Mo fi fóònù ya fọ́tò lẹ́tà yìí fúnra mi. Bí o bá rí àtàǹpàkò ńlá kan ní igun rẹ̀, tèmi ni, kí i.

Ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ rẹ ni mo bá wá. Nígbà tí o wálé lọ́dún tó kọjá, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko lo fi jókòó sórí ẹní mi, tí ò ń ya fọ́tò ìwé mọ́kànlélọ́gbọ̀n tí mo fi ń kọ ọ̀rọ̀ agbo ilé wa àti ti àwọn aládùúgbò láti ọdún 1971: ẹni tí wọ́n bí, ẹni tó gbéyàwó, ẹni tó kú, ẹni tó sá lọ. O ní o máa tẹ gbogbo rẹ̀ sínú dátábéèsì, àká ọ̀rọ̀ inú ẹ̀rọ, kí ẹbí tó wà káàkiri ayé lè máa wò ó lórí fóònù. Mo ní ó dáa. Mo tilẹ̀ pa adìẹ fún ọ.

Lánàá, Ọbáfẹ́mi ọmọ àbúrò mi pè mí láti Ṣìkágò. Ó ní òun bi ẹ̀rọ náà pé ta ni ìyá bàbá ìyá òun. Ó ní òun bi í tán, òun lọ po tíì, òun mu tíì, òun fọ ife, ẹ̀rọ ṣì ń ronú. Mo ní kó tún ìbéèrè náà bi èmi. Kó tó pa ẹnu dé ni mo ti dá a lóhùn: Àsàbí, ará Ọ̀dẹ̀dá, tó ń ta iyọ̀, tí kì í rẹ́rìn-ín. Èmi tí mo ka ìwé mẹ́fà péré, tí mo fi aago títúnṣe tọ́ yín dàgbà ní Òkè-Ìléwó, ni mo sáré ju ẹ̀rọ rẹ lọ yìí o. Ṣé irú iṣẹ́ yìí náà lò ń ṣe fún àwọn òyìnbó? Wọn ò sì tíì lé ọ?

Mo tún gbọ́ lẹ́nu Àánú, ìyàwó ẹ̀gbọ́n rẹ, pé o ní kí n da àwọn ìwé náà nù torí aáyán. Aáyán tó wà níbẹ̀ mọ ìtàn ilé yìí jù ọ́ lọ.

Èmi ni bàbá rẹ,
Sàlàhúdíìnì oníṣẹ́ aago.


Leeds, ìlú Ọba
Ọjọ́ kẹrìndínlógún, oṣù kejì, 2025

Bàbá mi,

Ẹ kú ilé o, ẹ kú ojú lọ́nà wa. Ẹ dákun, ẹ fi òrí pa eékún yín, ẹ yéé bú u. Mo rí àtàǹpàkò, mo ti kí i.

Ẹ ti fi mí ṣẹ̀sín tó, ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé. Ohun tí mo kọ́kọ́ ṣe ni pé mo tẹ ọ̀rọ̀ ẹnì kọ̀ọ̀kan lódidi bí ẹ ṣe kọ ọ́, mo dì í sínú àpò tirẹ̀. Ó yá láti kó sínú. Mo tẹ̀ ẹ́, ó parí. Ṣùgbọ́n bí ènìyàn bá bèèrè nǹkan, ẹ̀rọ gbọ́dọ̀ tú gbogbo àpò, kó kà á láti Bísímílà dé òpin, torí kò mọ ibi tí ẹ ki orúkọ ìyá bọ̀ láàárín ìròyìn ọyẹ́ àti èébú. Ẹgbàajì àpò, Bàbá! Bó bá sì rí ìyá tán, á tún padà sí àpò àkọ́kọ́ láti wá bàbá ìyá náà. Bí ogójì ènìyàn bá wá jọ bèèrè lẹ́ẹ̀kan náà, àfi kí wọ́n lọ po tíì lóòótọ́.

Mo ti tún un ṣe. Láti oṣù kejìlá ni mo ti ń tú àwọn àpò yẹn, àná ni mo parí. Mo kó ohun inú wọn sí dúrọ́ọ̀, bíi ti ara tábìlì yín tí ẹ máa ń kó ọwọ́ aago àti ìdè rẹ̀ sí. Dúrọ́ọ̀ mẹ́jọ fún ẹnì kọ̀ọ̀kan: orúkọ, bàbá, ìyá, ọjọ́ ìbí, ìlú, ìgbéyàwó, ọjọ́ ikú, àti nọ́ńbà ìwé àti ojú ewé tí mo ti rí i. Kíkó sínú rẹ̀ ló ń gba àsìkò báyìí, torí bí wọ́n bá bí ọmọ kan, ibi mẹ́jọ ni màá fọwọ́ kàn. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá bi í ní ìbéèrè, kí ẹ tó ṣẹ́jú, ó ti dáhùn. Àwọn odidi ọ̀rọ̀ yẹn àti fọ́tò wọn, mo ti pa wọ́n rẹ́ torí àyè tí wọ́n ń gbà. Ẹ lè da ìwé yẹn nù ní tòótọ́.

Bàbá, ohun tó wà lọ́kàn mi gan-an rèé. Zàíd, ọmọ ọmọ Ìyá Àgbà Ràhámátù tó wà nísàlẹ̀ àdúgbò wa, òun náà wà níbí, iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ló ń ṣe. Ó ní òun fẹ́ fi mí ṣaya. Èmi náà fẹ́ ẹ. Mo mọ̀ pé ohun tí ẹ máa kọ́kọ́ bèèrè ni pé ṣé a ò bára wa tan, torí Ìjẹmọ̀ ò tóbi. Mo ti bi ẹ̀rọ. Ó wò ó dé ìran keje, ó ní a ò bára wa tan rárá. Àwọn ènìyàn rẹ̀ fẹ́ wá rí yín lẹ́yìn ààwẹ̀, kí wọ́n so yìgì wa lẹ́yìn Iléyá, ní ọjọ́ kẹrìnlá oṣù kẹfà.

Mo ti di ẹni ọdún méjìlélọ́gbọ̀n. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi èyí ṣàwàdà.

Ọmọ yín,
Bùsírátù Àbẹ̀kẹ́.


Ìjẹmọ̀
Ọjọ́ kejì, oṣù kẹta, 2025

Àbẹ̀kẹ́,

Kú ààwẹ̀ o. Lánàá ló wọlé fún wa, ebi sì ti ń pè mí lórúkọ.

Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ka lẹ́tà rẹ. Lẹ́ẹ̀kíní, mo rẹ́rìn-ín. Lẹ́ẹ̀kejì, omi bọ́ lójú mi, torí ìyá rẹ kò sí láyé láti gbọ́ ọ. Lẹ́ẹ̀kẹta, mo tún rẹ́rìn-ín.

Nígbà tí mo ṣì wà ní Òkè-Ìléwó, ọkùnrin kan gbé aago bàbá rẹ̀ wá fún mi. Mo tú u palẹ̀, mo to ẹ̀yà rẹ̀ sínú dúrọ́ọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Bó bá ní kí n fi ọwọ́ gígùn han òun, mo ti nà án sí i kó tó mí. Ló bá bi mí pé, "Bàbá, aago mélòó ló lù báyìí?" Mo wo dúrọ́ọ̀ títí, n ò rí i. Gbogbo aago yẹn wà níwájú wa, kò sì sẹ́ni tó lè fi mọ àkókò ìrun. Bí o ṣe tú wa palẹ̀ nìyẹn, ìwọ ọmọ oníṣẹ́ aago.

Ẹ̀rọ rẹ ní ìwọ àti Zàíd ò bára yín tan? Bá mi kí i kú iṣẹ́. Wá bi í lọ́rọ̀ kan fún mi. Lọ́dún tí wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún ìyá rẹ, tí o jẹ́ ọmọ oṣù mẹ́rin, tí ò ń ké bíi fèrè rélùwéè, ọmú ta ni wọ́n fi sí ọ lẹ́nu? Lọ wo dúrọ́ọ̀ ọmú. Bí o ò bá rí i, kí Zàíd bi ìyá ìyá rẹ̀.

Ní ti ìwé, o ní kí n dà á nù, mo sì ti gbọ́ràn. Ọmọ tó gbọ́n ju bàbá rẹ̀ lọ, ẹ̀rù rẹ̀ ń bà mí.

Ọ̀rọ̀ ń gbẹ aláàwẹ̀ lọ́fun. Ó tó bẹ́ẹ̀.

Bàbá rẹ.


Leeds
Ọjọ́ kẹrin, oṣù kẹta, 2025

Bàbá,

Ẹ kú ààwẹ̀, Ọlọ́run á gbà á. Ẹ̀ẹ̀mọ́kànlá ni mo pè yín. Àánú ní ẹ wà lẹ́yìnkùlé, pé fóònù ń dún ẹ ń bá a kọrin.

Kí ni ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ ọmú yẹn? Ẹ̀yin lẹ kọ́ wa nílé pé ẹni tó bá mu ọmú obìnrin kan ti di ọmọ rẹ̀. Bó bá jẹ́ pé Ìyá Àgbà ló fún mi lọ́mú, èmi àti ìyá Zàíd ti di ọmọ ìyá kan nìyẹn, Zàíd sì ti di ọmọ ẹ̀gbọ́n mi. Alfa wo ló máa so irú yìgì bẹ́ẹ̀?

Mo wá a, kò sí. Mo rántí pé mo rí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ lójú ewé mélòó kan nígbà tí mo ń tò ó. Mo ní kò wọ́pọ̀. Pé bí mo bá kan dúrọ́ọ̀ nítorí rẹ̀, òfìfo ló máa wà lára gbogbo àwọn tó kù, màá sì tún padà sídìí ẹnì kọ̀ọ̀kan wọn láti wò ó. Mo bá fò ó. N ò tilẹ̀ rántí mọ́ bóyá tèmi wà nínú wọn.

Ìwé yín nìkan ló kù láyé tí ọ̀rọ̀ yẹn wà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ pé irọ́ lẹ pa, pé ẹ ò tíì dà á nù.

Bùsírátù.


Leeds
Ọjọ́ ọgbọ̀n, oṣù kẹta, 2025

Bàbá,

Ẹ kú ọdún. Ọ̀sẹ̀ mẹ́rin rèé tí mo ti kọ̀wé sí yín, ẹ ò fèsì.

Mo sọ fún Zàíd, torí irú rẹ̀ kì í ṣe ohun tí mo lè gbé mì. Ó pe Ìyá Àgbà. Ẹ mọ ohun tí màmá yẹn ṣe? Wọ́n gbá àyà wọn, wọ́n ní, "Ọmú mi yìí ni Bùsírá mu! Èmi yìí ni mo gbà á lọ́wọ́ ikú! Kò tilẹ̀ ra ìborùn kan fún mi rí!" Inú wọn ń dùn, Bàbá. Ẹni àádọ́rùn-ún ọdún ó lé, ó ń fi mí yangàn, kò mọ̀ pé òun ń tú ilé mi ká kó tó dúró.

Ìyá Zàíd ti ní kí wọ́n dá ọ̀rọ̀ ìtọrọ dúró. Zàíd fúnra rẹ̀ ní òun ò mọ̀ bóyá kí òun máa pè mí ní Àbẹ̀kẹ́ tàbí Àǹtí. Ó rẹ́rìn-ín nígbà tó sọ ọ́. Lẹ́yìn náà ó bo ojú, ó dìde, ó lọ. Ọ̀sẹ̀ kejì rèé.

Bí ẹ bá mọ nǹkan kan, ẹ sọ ọ́. Bí ẹ ò bá mọ nǹkan kan, ẹ sọ ìyẹn náà. Àwàdà yín ti bímọ, èmi ni wọ́n gbé e lé lẹ́yìn.

Bùsírátù.


Abà wa, Ọ̀dẹ̀dá
Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù kẹrin, 2025

Àbẹ̀kẹ́ mi,

Má ka lẹ́tà yìí pẹ̀lú ìbínú. Bí o bá ti ń bínú, kọ́kọ́ mu omi.

N ò da ìwé nù. Mo kó wọn wá sórí àjà abà wa níbí kí o lè rò pé mo dà wọ́n nù. Mo ní màá jẹ́ kí o wá ìdáhùn fún ọjọ́ méjì, kí o bẹ̀ mí, kí n sì sọ ọ́. Torí ohun tí mo rántí ni pé gbogbo ilé ló ń rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ yẹn, a kì í sì í rẹ́rìn-ín bẹ́ẹ̀ nítorí pé ọmọ mu ọmú. Ṣùgbọ́n Ìyá Àgbà gbá àyà. Nígbà tí mo gbọ́ ọ, kò dá èmi náà lójú mọ́. Ọdún méjìlélọ́gbọ̀n kì í ṣe àná. Ojú tì mí láti sọ fún ọ pé n ò mọ̀. Èmi! Pé n ò mọ̀!

Mo wá síbí. Òjò àkọ́rọ̀ ti gba orí àjà wọlé. Ìwé ti lẹ̀ mọ́ra, páálí ẹ̀yìn wọn ti wú. Láti ọjọ́ kẹta ọdún ààwẹ̀ ni mo ti ń ṣí wọn lójú ewé kan lẹ́yìn òmíràn, torí bí nǹkan bá ṣe ṣẹlẹ̀ ni mo ṣe máa ń kọ ọ́, n kì í wo ti ẹni tó ni ín. Ọdún 1992 nìkan gba ìwé mẹ́ta, mo sì ń fo ìwé tí páálí rẹ̀ bá kọ̀ láti ṣí. Bí mo bá dé ibi ìjà, mo máa ń dúró kà á tán, màá sì gbàgbé ohun tí mo ń wá. Mo ti po tíì. Mo ti mu ún. Mo ti fọ ife. Ṣé o gbọ́? Èmi náà ti di ẹ̀rọ rẹ àkọ́kọ́.

Dúrọ́ọ̀ rẹ kẹjọ yẹn, tí o kọ nọ́ńbà ìwé àti ojú ewé sí. Ṣé ó ṣì wà?

Bàbá rẹ tí kò fẹ́ bèèrè.


Leeds
Ọjọ́ kẹwàá, oṣù kẹrin, 2025

Bàbá,

Mo mu omi. Mo ṣì ń bínú.

Ìwé kẹrìnlá, ojú ewé kọkànlélógójì. Ibẹ̀ ni mo ti rí ọ̀rọ̀ oṣù tí Màmá wà ní ọsibítù. Bírò pupa ni mo fi kọ nọ́ńbà sí ẹ̀yìn ìwé kọ̀ọ̀kan. Ẹ má fi ipá ṣí i bó bá lẹ̀. Ẹ sá a sí ibi tí atẹ́gùn wà, kì í ṣe oòrùn.

Ohunkóhun tó bá wà níbẹ̀ ni kí ẹ kọ ránṣẹ́, ì báà gbè mí, ì báà má gbè mí. Ẹ má fi nǹkan kan kún un. Ẹ má yọ nǹkan kan.

Bùsírátù.


Ìjẹmọ̀
Ọjọ́ kẹtàlá, oṣù kẹrin, 2025

Àbẹ̀kẹ́,

Kò gbà mí ju ìṣẹ́jú márùn-ún lọ. Ọjọ́ kan gbáko ni mo fi sá a, ṣùgbọ́n ìṣẹ́jú márùn-ún ni mo fi rí i. N ò ní sọ̀rọ̀ nípa ẹ̀rọ rẹ lónìí. Ohun tó wà níbẹ̀ rèé, bí mo ṣe kọ ọ́ nígbà tí ọwọ́ mi ṣì dúró:

"Ọjọ́ kejìlélógún, oṣù kejìlá, 1992. Ọyẹ́ mú gan-an. Ìyá Bùsírátù ṣì wà ní ọsibítù. Ọmọ ké láti ìdájí. Ràhámátù ní kí wọ́n gbé e wá, ó fi ọmú sí i lẹ́nu, obìnrin ẹni ọgọ́ta ọdún tí kò bímọ mọ́ láti ọdún mẹ́rìndínlógún. Ọmọ fà á lẹ́ẹ̀mejì, kò bá nǹkan kan níbẹ̀. Ó jáwọ́, ó wo ojú Ràhámátù bí ẹni tí wọ́n ta aago òkú fún, ó wá bú sẹ́kún ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ràhámátù fún ọmú náà títí, ẹ̀kán kan kò jáde. Ilé dà rú fún ẹ̀rín. Ràhámátù ní olójúkòkòrò ni ọmọ yìí. Mílíìkì inú agolo ni a pò fún un, ó mu ún, ó sùn. Ewúrẹ́ wa kan kú nírọ̀lẹ́."

Mo gbé ìwé náà lọ bá Alfa àdúgbò wa, mo mú ìyá Zàíd dání. Alfa kà á lẹ́ẹ̀mejì. Ó ní, "Wàrà ló ń sọ ni di ìbátan, awọ kọ́. Bí wàrà ò bá wọ inú ọmọ, kò sí nǹkan kan." Ṣùgbọ́n ó ní òun fẹ́ gbọ́ ọ lẹ́nu ẹni tó ni ọmú.

A lọ bá Ìyá Àgbà. Alfa kà á sí wọn létí. Wọ́n pa ojú dé, mo rò pé wọ́n ti sùn. Lójijì ni wọ́n ní, "Olójúkòkòrò ni lóòótọ́! Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ fà á já. Kò sí nǹkan níbẹ̀, kí ni kí n fún un?" Wọ́n kọjú sí mi: "Ìwọ Sàlàhúdíìnì, o jókòó ní ilé rẹ, o ń kọ ọmú mi sínú ìwé? Pa á rẹ́ níṣojú mi!"

Mo ní ọmọ mi ti kọ́ mi pé kò dáa kí ènìyàn máa pa nǹkan rẹ́.

Ìyá Zàíd ń bọ̀ wá tọrọ rẹ lọ́jọ́ Sátidé. Sọ fún ọkọ rẹ kó yéé pè ọ́ ní Àǹtí, àfi bó bá dá ẹ̀ṣẹ̀.

Bàbá rẹ.


Leeds
Ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n, oṣù kẹrin, 2025

Bàbá mi,

Ẹ kú ìnáwó àlejò, ẹ kú iṣẹ́. Zàíd wá. Ẹnu ọ̀nà ló dúró sí tó ti ka ọ̀rọ̀ ìwé kẹrìnlá nínú lẹ́tà yín fúnra rẹ̀ lórí fóònù mi, ó sì rẹ́rìn-ín títí àwọn aládùúgbò fi yọjú.

Mo tún un ṣe lẹ́ẹ̀kẹta. Ọ̀rọ̀ ẹnì kọ̀ọ̀kan á wà lódidi bí ẹ ṣe kọ ọ́, pẹ̀lú ewúrẹ́ àti ọyẹ́. Dúrọ́ọ̀ á wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ láti máa tọ́ka sí i. Kò rọrùn o. Ó ń gba àyè ìlọ́po méjì, kíkọ sínú rẹ̀ á máa fà, bí mo bá sì tún ọ̀rọ̀ kan ṣe níhìn-ín tí mo gbàgbé tọ̀hún, wọ́n á máa já ara wọn nírọ́ bí orogún. Mo ti gbà bẹ́ẹ̀. Nígbà tí mo bá wálé fún yìgì, màá tún àwọn ojú ewé yà. Ẹ má jẹ́ kí ìwé kankan gun orí àjà mọ́.

Bàbá, ọ̀rọ̀ kan ṣẹ́kù. Lẹ́tà yín mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, mo ti tò wọ́n kà. Ẹ ṣàlàyé, ẹ pa mí lẹ́rìn-ín, ẹ pe Alfa. Ẹ ò sọ níbì kankan pé ẹ jẹ̀bi mi. Oṣù kan ààbọ̀ ni mo fi ń sunkún.

N ò ní tún un bèèrè.

Àbẹ̀kẹ́.


Ìjẹmọ̀
Ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún, oṣù kẹfà, 2025

Àbẹ̀kẹ́, aya Zàíd,

Ilé ọkọ rẹ kò tó igba ìṣísẹ̀ sí ilé mi, mo sì ń gbọ́ ẹ̀rín rẹ láti ibi tí mo jókòó sí. Síbẹ̀ lẹ́tà ni mo ń kọ. Àwọn ọ̀rọ̀ kan wà tí ẹnu mi kò lè gbé, ó ti mọ́ ọn lára láti máa ṣe yẹ̀yẹ́, bó bá gbé òtítọ́ á já a sílẹ̀.

Mo ti ra ìwé tuntun. O fi bírò pupa kọ méjìlélọ́gbọ̀n sí ẹ̀yìn rẹ̀ láàárọ̀ yìí, o ò ṣí i. Ohun tó wà lójú ewé kìíní rèé:

"Ọjọ́ kẹrìnlá, oṣù kẹfà, 2025. Òjò ṣú, kò rọ̀. Wọ́n so yìgì Bùsírátù Àbẹ̀kẹ́ àti Zàíd. Ìyá Àgbà Ràhámátù wá pẹ̀lú ìborùn tuntun tí ìyàwó rà fún wọn, wọn ò jẹ́ kí ọmọ ọwọ́ kankan súnmọ́ àyà wọn. Bàbá ìyàwó rò pé òun mọ òtítọ́ kan, ó fi dọdẹ ọmọ rẹ̀ kó lè fi hàn pé òun gbọ́n. Ọmọ sunkún fún oṣù kan ààbọ̀. Bàbá jẹ̀bi. Ó bẹ ọmọ náà. Adìẹ tí ó yẹ kó pa fún ẹ̀bẹ̀ sá lọ, ó ṣì ń wá a."

Mo ti wo dúrọ́ọ̀ rẹ mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ lórí fóònù. Kò sí èyí tó gbà á. Fi í sílẹ̀ lódidi, kí àwọn ọmọ rẹ lè bá a níbẹ̀.

Mo ya fọ́tò ojú ewé náà fún ọ. Àtàǹpàkò tó wà ní igun rẹ̀ lọ́tẹ̀ yìí, kò ṣèèṣì. Mo tẹ̀ ẹ́ sórí yíǹkì kí n tó fi í síbẹ̀. Òun ni mo fi fọwọ́ sí i.

Sàlàhúdíìnì.